Ẹwà Tó Jó Ilé

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn láyé ìgbà tí koríko jẹ́ òrùlé tí amọ̀ sì jẹ́ ògiri: koríko á jó tán, ògiri á dúró, ará ìlú á kó igi àti koríko tuntun jọ, ààfin á sì dára ju ti àná lọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí dorí òwe náà kodò. Ilé kan wà nílùú London tó jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n kọ́kọ́ bù sí i, ẹwà yẹn ló sì gbé iná látòkè délẹ̀ ilé. Èèyàn 72 ló kú níbẹ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan tó sì fẹ́ fi tún ilé rẹ̀ ṣe ni mo ń sọ ọ́ fún, torí pé bí a bá tú ìtàn náà palẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí rẹ̀: ibi tí wọ́n ná an sí, ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, àti ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó béèrè kí wọ́n tó yọ ọ́.

Grenfell Tower ni orúkọ ilé náà. Ó wà ní North Kensington, ní ìwọ̀-oòrùn London, ọdún 1974 ni wọ́n sì kọ́ ọ parí. Alájà mẹ́rìnlélógún ni, kọnkéré ni ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Kensington àti Chelsea ló ni ín, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí olówó pọ̀ sí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ mẹ̀kúnnù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé inú ilé yìí. Àwọn ará Morocco wà níbẹ̀, àwọn ará Eritrea, Sudan, Ethiopia, Gambia àti Sierra Leone. Àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Khadija Saye, ọ̀dọ́mọbìnrin oníṣẹ́ ọnà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gambia, ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, àwọn fọ́tò tó yà sì wà níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Venice lọ́dún 2017 yẹn gan-an.

Ilé náà kò lẹ́wà, ó sì tutù. Òtútù máa ń gba inú kọnkéré wọlé bí wọn ò bá fi nǹkan bò ó. Fèrèsé ti gbó, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná náà ti gbó. Àtúnṣe tọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn yìí kó wá rò pé mo ní kó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kó máa wó.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òtútù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro náà, wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun àti ibùdó eré ìdárayá tuntun. Àjọ tó ń bá ìjọba ìbílẹ̀ bójú tó àwọn ilé rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n kọ pé ilé àtijọ́ yìí yóò wá dà bí ìbátan tó tòṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tuntun. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ti di ògbólógbòó láàárín ilé titun ládùúgbò mọ ìrora yẹn. Ojú aládùúgbò máa ń ná èèyàn lówó. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ojú títì, nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé.

Owó tó wà fún gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Ó lè dà bí owó ńlá létí wa, àmọ́ fún ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó há. Iye tí agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ bù ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà síta kí àwọn mìíràn wá du ú. Ilé iṣẹ́ Rydon ló bu iye tó kéré jù, òun ni wọ́n sì gbé e fún. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé pàápàá, àwọn aṣojú onílé ti bá a ṣe ìpàdé kọ̀rọ̀, wọ́n ní kó wá bó ṣe máa dín nǹkan bí 800,000 pọ́n-ùn kúrò nínú rẹ̀.

Ara ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Síńkì ni ayàwòrán-ilé kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi bo ògiri níta. Wọ́n yọ síńkì, wọ́n fi pátákó alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Owó tí wọ́n sọ fún onílé pé àyípadà yìí yóò dín kù lé ní 250,000 pọ́n-ùn. Ẹ̀rí tó jáde níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí iná náà lẹ́yìn náà fi hàn pé iye tó dín kù gan-an ju èyí tí wọ́n sọ lọ, agbaṣẹ́ṣe ló fi ìyókù sápò. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé nǹkan kan wà tó jọ èyí tí ẹ fẹ́, tó sì dínwó, ẹ béèrè iye tó fi dínwó lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín rà á.

Bí a bá pín 250,000 pọ́n-ùn yẹn sí fúláàtì 129 tó wà nínú ilé náà lẹ́yìn àtúnṣe, nǹkan bíi 2,000 pọ́n-ùn ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Pátákó tí wọ́n wá lò ni Reynobond 55 PE, ilé iṣẹ́ Arconic ló ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ wa ní Èkó àti Ìbàdàn mọ irú rẹ̀ dáadáa. Alucobond là ń pè é, orúkọ tí ilé iṣẹ́ mìíràn sọ tirẹ̀ tó wá di orúkọ gbogbo irú rẹ̀ lẹ́nu wa. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó ìdajì milimítà. Nǹkan kan sì wà láàárín wọn tó nípọn tó milimítà mẹ́ta. Alumíníọ̀mù là ń rí, òun ló ń dán, òun ni àwọ̀ rẹ̀ ń wù wá. Èyí tó wà láàárín ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù, kò sì sẹ́ni tó ń rí i. Ti Grenfell jẹ́ polyethylene, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tí a fi ń kó ẹrù lọ́jà. Láti ara epo rọ̀bì ló ti ń wá. Bí iná bá mú un, á yọ́, á máa kán sílẹ̀, á sì máa jó bó ṣe ń kán. Irú kan wà o tí ohun tó wà láàárín rẹ̀ pọ̀ ní èròjà ilẹ̀ tí kì í jó bọ̀rọ̀. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Iye owó wọn ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn pátákó yìí, wọ́n lẹ fóòmù mọ́ kọnkéré láti dènà òtútù, fóòmù náà sì lè jó. Wọ́n wá fi àlàfo sílẹ̀ láàárín fóòmù àti pátákó kí omi tó bá wọbẹ̀ lè gbẹ. Àlàfo náà gùn látìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí iná bá wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fà á lọ sókè bí ihò ààrò ṣe ń fa èéfín. Ó yẹ kí ohun ìdènà wà káàkiri inú àlàfo náà tí yóò gé iná lọ́nà. Wọ́n fi wọ́n sí i lóòótọ́, àmọ́ wọn ò gé ọ̀pọ̀ nínú wọn dáadáa, wọn ò sì fi wọ́n síbi tó yẹ. Fèrèsé tuntun náà kúrò níbi tí ti àtijọ́ wà, ó sún síta kó lè bá awọ tuntun dọ́gba. Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín fèrèsé àti kọnkéré. Ike àti fóòmù ni wọ́n fi dí i. Ohun tó wà láàárín ilé ìdáná ẹnì kan àti ara ilé tó lè jó kò wá ju ike lásán lọ mọ́.

Iṣẹ́ parí lọ́dún 2016. Ilé náà dán. Àwọn kan nínú àwọn olùgbé ibẹ̀ ò dákẹ́ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ẹgbẹ́ kan láàárín wọn kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ó dà bíi pé àjálù tó máa pa èèyàn nìkan ló lè tú àṣírí àìbìkítà àwọn tó ń bójú tó ilé náà.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2017, fíríìjì kan gbiná ní ilé ìdáná fúláàtì kan ní àjà kẹrin. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ pe àwọn panápaná ní aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú 54. Wọ́n dé kíá. Ohun tí wọ́n bá pàdé kì í ṣe ohun àrà lójú wọn: iná ilé ìdáná, èyí tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́ irú ilé kọnkéré bẹ́ẹ̀ kí iná fúláàtì kan má lè kọjá sí èkejì. Àmọ́ kí wọ́n tó ráyè wọ ilé ìdáná náà pa á, ooru ti mú kí ike ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rọ̀, iná ti gba ibẹ̀ jáde, ó ti mú ara ilé. Ní nǹkan bí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló jáde. Nígbà tó fi máa di aago kan kọjá ìṣẹ́jú 27, ó ti dé òrùlé. Látorí àjà kẹrin dé téńté òkè, kò gbà á tó ogún ìṣẹ́jú.

Ààwẹ̀ Ramadan ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà àwọn Mùsùlùmí kan ò tíì sùn, wọ́n sì ń gbá ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò wọn. Àmọ́ ìlànà tó wà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹni tí iná ò bá sí nínú fúláàtì tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kó dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi pa á. Ìlànà tó dára ni fún ilé tí ara rẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Ara ilé yìí ti kúrò ní kọnkéré látọdún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó tún ìlànà náà yẹ̀ wò. Aago méjì ààbọ̀ òru kọjá kí wọ́n tó yí àṣẹ náà padà. Lákòókò yẹn, èéfín ti gba àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà. Nínú àwọn 72 tó kú, ọmọdé 18 ni. Khadija Saye kú, ìyá rẹ̀ náà kú.

Ohun tó ń dun èmi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọnkéré ọdún 1974 náà ṣì wà lórí ìdúró. Ohun àtijọ́ tí wọ́n ń tijú rẹ̀ ni kò jó. Ohun tuntun tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ ló pa èèyàn.

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Sir Martin Moore-Bick, ló darí ìwádìí náà. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, èkejì jáde ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Ìwé kejì yẹn ni mo fẹ́ kí oníṣẹ́ ilé gbogbo mọ̀ nípa rẹ̀. Ó sọ láìfi bò pé àwọn tó ṣe pátákó àti àwọn tó ṣe fóòmù hùwà àìṣòótọ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọdún 2004 ni àyẹ̀wò ti fi han Arconic pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ká pátákó náà bí àpótí, irú èyí tí wọ́n lò ní Grenfell, ń jó burúkú. Celotex, tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fóòmù náà, fi pátákó mìíràn tí iná kì í ràn há inú ohun tó gbé lọ fún àyẹ̀wò lọ́dún 2014 kó lè yege, kò sì fi hàn nínú ìwé tó fi ń polówó ọjà. Ìwé ẹ̀rí wà. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Àwọn tó kù ńkọ́? Ayàwòrán-ilé rò pé ẹni tó máa kan pátákó ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kan pátákó rò pé ayàwòrán-ilé àti ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé ló ni iṣẹ́ náà. Agbaṣẹ́ṣe rò pé àwọn méjèèjì ti ṣe é. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó yẹ kó wá wo iṣẹ́ náà kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Gbogbo wọn ló mọ iye tí pátákó náà jẹ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè sọ bó ṣe ń ṣe bí iná bá dé ìdí rẹ̀.

Ká ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, a ò bá ní kádàrá ni. Àmọ́ London ti rí i rí. Ní ọjọ́ 3, oṣù keje, ọdún 2009, iná ṣẹ́ yọ ní Lakanal House ní Camberwell. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Peckham rárá, níbi tí èèyàn lè ti rìn látòkè Rye Lane dé ìsàlẹ̀ kó máa fi Yorùbá ná ọjà. Ilé alájà mẹ́rìnlá ni, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́dún 2006 sí 2007. Nínú àtúnṣe yẹn, wọ́n pààrọ̀ àwọn pátákó ìsàlẹ̀ fèrèsé. Tẹlifíṣọ̀n kan ló gbiná nínú fúláàtì kan. Pátákó tuntun tó wà lábẹ́ fèrèsé fúláàtì òkè rẹ̀ kò dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí iná tó la á kọjá. Èèyàn mẹ́fà ló kú, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ọ̀kan sì jẹ́ ìkókó tí kò tíì pé oṣù kan láyé. Níbẹ̀ náà, wọ́n ní kí àwọn olùgbé dúró sínú ilé. Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ ọdún 2013, adájọ́ tó wádìí ikú wọn kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n tún òfin iná fún ilé kíkọ́ yẹ̀ wò kó lè yéni. Wọn ò tíì tún un yẹ̀ wò tán títí Grenfell fi jó. Oṣù kejì ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu owó ìtanràn 270,000 pọ́n-ùn lé ìjọba ìbílẹ̀ Southwark lórí Lakanal, oṣù mẹ́rin péré ṣáájú Grenfell.

Òfin yí padà lẹ́yìn náà. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n fòfin de ohun tó lè jó lára ògiri ìta ilé gbígbé tuntun tó bá ga ju mítà 18 lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá rí i pé irú pátákó yìí wà lára ilé púpọ̀ káàkiri. Àwọn tó ti yá owó báńkì ra fúláàtì kò rí ẹni rà á lọ́wọ́ wọn mọ́. Owó àtúnṣe tí wọ́n ní kí àwọn mìíràn san ju agbára wọn lọ, àwọn kan sì ń san owó ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn káàkiri ilé wọn lóru nítorí iná. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n yan pátákó náà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ilé tiwa. Bí ẹ bá gba Allen Avenue kọjá n'Ìkẹjà, tàbí tí ẹ rìn láti Challenge lọ sí Ring Road n'Ìbàdàn, ẹ ó rí i lára báńkì, lára hòtẹ́ẹ̀lì, lára ilé epo, lára ilé ìtajà alájà mẹ́ta. Ó ti ń wọ àdúgbò báyìí. Ẹni tí kò lówó láti fọ́ iwájú ilé àtijọ́ kó tún un kọ́, alucobond ni wọ́n máa ń júwe fún un: kan irin mọ́ ògiri, kan pátákó mọ́ irin, ilé ọdún 1978 á dà bíi ti àná. Ó yára, ó mọ́, kò nílò ọ̀dà lọ́dọọdún. Mo mọ ìdí tó fi ń wu èèyàn.

Mi ò ní sọ pé ilé ilẹ̀ ní Òṣogbo dà bí ilé alájà mẹ́rìnlélógún ní London. Kò dà bí i. Ẹni tó wà nílẹ̀ lè sáré jáde. Bó bá lè sáré jáde ni. Gbogbo fèrèsé wa ló ní bọ́gúlárì. Ẹnu ọ̀nà iwájú ní géètì irin, ti ẹ̀yìn ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá. Wọ́n ti yọ sílíǹgì àtijọ́, wọ́n ti fi ti ike rọ́pò rẹ̀ torí pé ó dínwó ju POP lọ, ó sì ń dán. Wáyà tó gba orí sílíǹgì yẹn kọjá ni èyí tí wọ́n fà sínú ilé nígbà tí gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan ni gbogbo ohun tó ń lo iná nínú rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ amúlétutù wà lórí rẹ̀, fírísà wà, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wà, kẹ́tùlù tó ń jẹ 2,000 wáàtì wà. Ẹ fi èyí wé Grenfell, ẹ ó rí i pé ìtàn kan náà ni: ohun tuntun tó dán la fi bo ohun àtijọ́ tí a ò yẹ̀ wò.

Bí mo bá jókòó ti ẹni tí owó rẹ̀ kò ní tó gbogbo iṣẹ́, orí òrùlé àti wáyà ni màá kọ́kọ́ mú un lọ. Òrùlé tó ń jò á ba gbogbo ohun yòówù téèyàn bá ṣe sísàlẹ̀ jẹ́; ìyẹn ò nílò àlàyé. Ti wáyà ni àwọn èèyàn máa ń fò, torí inú ògiri ló wà, àlejò ò ní rí i kó yìn ín. Kí oníṣẹ́ iná tú páńẹ́ẹ̀lì, kó wo ibi tí ooru ti mú ike wáyà le tàbí tó ti sọ ọ́ di dúdú. Wáyà 1.5 mm² ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúlétutù yẹ kó ní 4 tirẹ̀ tí yóò ti páńẹ́ẹ̀lì wá tààrà. Bí ẹ bá lọ ra wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀: bàbà pupa dénú ni ojúlówó, èyí tó bá funfun lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, á sì máa gbóná.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pe wẹ́dà, kó gé bọ́gúlárì fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kó fi ìdè sí i kó lè máa ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ti lè tó o nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ tó dínwó ni. Mi ò tíì rí àtúnṣe ilé kan tó ṣe pàtàkì tó o tí owó rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà wá lè tẹ̀ lé e, ọ̀dà dáadáa sì máa ń tún ilé ṣe ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ: kí wọ́n ha èyí tó ń bó kúrò, kí wọ́n dí ògiri tó sán, kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri sìmẹ́ńtì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kò ní gbé iná láti yàrá kan dé òkè.

Bó bá wá ku owó, tí ọkàn yín ṣì wà lórí alucobond, ẹ má ṣe rà á látinú fọ́tò orí fóònù. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gé hàn yín, kí ẹ rí ohun tó wà láàárín. Ẹ bi wọ́n bóyá ti polyethylene ni tàbí èyí tí wọ́n fi èròjà ilẹ̀ ṣe kí iná má bàa tètè ràn án, kí ẹ sì béèrè iye àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gba èyí tó já lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí gbangba ìta níbi tí kò sí nǹkan tó lè gbiná, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ tan iná sí etí rẹ̀. Bí àárín rẹ̀ bá ń yọ́, tó ń kán, tí ohun tó ń kán náà sì ń jó nílẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí ọ̀gá kan bá sì sọ fún yín pé, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìkan náà ni gbogbo wọn," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.